Bí Káfíńtà Ṣe Wọ Ẹgbẹ́ Láti Òkèèrè

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìíní

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti ibi tí mo wà. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún yín ti ń jẹ́ kẹ́ ẹ sùn? Èmi náà wà ní àlàáfíà, mo ń jẹun, mo sì ń wọ ẹ̀wù méjì léra bí ẹ ṣe pa á láṣẹ.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ti máa sọ pé ọmọ yìí ti gbàgbé ilé. Mi ò gbàgbé. Láti ìgbà tí etí yín ti kọ ọ̀rọ̀ fóònù sílẹ̀, tó jẹ́ pé “ẹ̀n? ẹ̀n?” nìkan la máa ń bá ara wa sọ títí káàdì á fi tán, mo ti gbà pé lẹ́tà ni tiwa. Ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó láti kọ ọ́, kí ni mo fẹ́ kọ? Pé mo jí, mo lọ sí ilé iṣẹ́ búrẹ́dì, mo kó búrẹ́dì sínú ọ̀rá láti àárọ̀ dọ̀sán, mo padà sí yàrá mi, mo sùn? Oṣù mẹ́jọ gbáko nìyẹn. Ọkùnrin tó ń dúró lápá ọ̀tún mi nídìí ẹ̀rọ ò mọ orúkọ mi, èmi náà ò mọ tirẹ̀. Orí la máa ń mì síra wa bí alángbá.

Ìròyìn ti wá dé báyìí. Obìnrin àgbàlagbà kan ń gbé ní ìsàlẹ̀ yàrá mi, Màmá Ìsàlẹ̀ ni gbogbo wa ń pè é. Lọ́jọ́ kan mo bá a lórí àtẹ̀gùn, ó ń wọ́ àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ síbi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó fún mi ní ọjọ́ méjì. Mo wá pákó, mo gé ẹsẹ̀ kẹrin, mo gbé e padà fún un. Ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Kò tiẹ̀ dúpẹ́. Ó wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó ní kí n máa tẹ̀ lé òun.

Ọjọ́bọ̀ ni, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ó mú mi lọ sí yàrá kan lẹ́yìn ilé ìkàwé, mo bá àwọn èèyàn mẹ́wàá tí wọ́n jókòó ti tíì, òun ni ìkọkànlá wọn. Ẹgbẹ́ ni wọ́n. Ní gbogbo Sátidé, wọ́n máa ń lọ sílé àwọn arúgbó, àwọn aláìsàn, àti àwọn tó bímọ tí wọn ò lẹ́ni, wọ́n á tún ohun tó bà jẹ́ ṣe, wọ́n á kun ògiri, wọ́n á ro ọgbà, wọn ò sì ní gba nǹkan kan. Wọ́n ní kí n dìde, mo fọwọ́ lé àyà, mo jẹ́jẹ̀ẹ́, wọ́n fi báàjì sí mi láyà, gbogbo wọn sì bọ̀ mí lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. A ti di méjìlá báyìí.

Wọ́n ti gbé àga mẹ́fà fún mi láti tún ṣe, gbogbo rẹ̀ ló ń mì bí eyín àgbà. Bàbá, báwo lẹ ṣe máa ń ṣe é tí àga tó ń mì á fi dúró láìjẹ́ pé ẹ tú u palẹ̀?

Ọ̀rọ̀ kan tún ń jẹ mí lọ́kàn. Láti ìgbà tí Màmá ti fi wá sílẹ̀, ẹ̀yin nìkan lẹ wà nínú ilé yẹn. Bí nǹkan bá ṣe yín, ta ni yóò mọ̀? Ṣé ẹ ṣì ń lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ káfíńtà? Ẹ dákun, ẹ dá mi lóhùn lórí èyí, ẹ má fò ó.

Èmi ni ọmọ yín.


Ọjọ́ kejì, oṣù kejì

Ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Ara mi le. Orúnkún mi ò kàn ọ́.

Mo ka lẹ́tà náà, mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún un kà. Ẹgbẹ́ wo? Ẹ̀jẹ́ kí ni? Tíì tí wọ́n fún ẹ, ta ló sè é? Ṣé inú ìkòkò kan náà ni gbogbo yín ti mu, àbí wọ́n bu tìrẹ lọ́tọ̀? Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹni tí wọ́n bá fi nǹkan sí láyà, tí wọ́n sì bọ̀ lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó máa ń di ẹni tí kò lè sọ ibi tó ń lọ fún ìyá tó bí i. Ìwọ wá rí àwọn tí o ò mọ bàbá wọn, o tẹ̀ lé wọn wọ ẹ̀yìnkùlé nítorí pé arúgbó kan wọ ẹ̀wù.

Àwọn mọ́kànlá yẹn tí wọn kì í gba nǹkan kan, kí ni wọ́n ń jẹ? Èèyàn kì í ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀ àyàfi tí ó bá fẹ́ gba ohun tó ju owó lọ. Ilé la sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òrùlé ilé ìdáná mi ń jò sórí ààrò gan-an, ọmọ mi wà lẹ́yìn odi, ó ń tún àga ará ibòmíràn ṣe.

Dá báàjì wọn padà fún wọn. Sọ fún wọn pé bàbá rẹ ò fọwọ́ sí i.

Ní ti àga tó ń mì, mi ò ní sọ fún ẹ. Mi ò kọ́ṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà kí n wá fi ìmọ̀ mi ránṣẹ́ sí awo. Ní ti ìpàdé káfíńtà, mi ò lọ mọ́. Ó ti sú mi. Mi ò nílò ẹnikẹ́ni, bí oòrùn bá yọ màá jí, bí ó bá wọ̀ màá sùn.

Bàbá rẹ.

Mo ti lẹ àpò ìwé yìí tán kí n tó tún un já. Má ṣe kan ìṣó mọ́ àga yẹn. Ẹni tó bá kan ìṣó mọ́ ẹsẹ̀ àga, kó má pe ara rẹ̀ lọ́mọ mi.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kejì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀, mi ò sì tíì dìde, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ gba kéèyàn wà nílẹ̀. Mo ti kan ìṣó kí lẹ́tà yín tó dé. Ìṣó mẹ́rin. Àga kan ṣoṣo ni, ẹ ṣàánú mi.

Ibi iṣẹ́ ni mo ti ka lẹ́tà yín, ní àkókò ìsinmi. Nígbà tí mo dé ibi tí ẹ ti bi mí pé ta ló se tíì, ẹ̀rín pa mí débi pé ọkùnrin apá ọ̀tún mi bi mí ohun tó dé. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní bàbá tòun náà ì bá béèrè ohun kan náà. A ti mọ orúkọ ara wa báyìí. Ẹ̀yin lẹ ṣe é.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ló máa ń se tíì. Tíì náà ṣàn tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí oògùn bá wà níbẹ̀, oògùn náà á ti kú sómi. Ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni. Kì í rẹ́rìn-ín, ohun gbogbo ló sì máa ń kọ sílẹ̀, títí kan ẹni tó pẹ́ dé. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ọkùnrin kan tó ní ilé iṣẹ́ àga wà níbẹ̀. Kálukú ló ní ohun tó ń jẹ. Ẹ̀jẹ́ tí mo jẹ́ kò ju mẹ́ta lọ: bí mo bá sọ pé màá wá, màá wá, mi ò ní gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tá a bá ṣiṣẹ́ fún, ohun tí mo bá rí nínú yàrá ẹlòmíràn, mi ò ní gbé e jáde síta. Kò sí èyí tí ẹ ò fi pàṣán kọ́ mi nínú rẹ̀.

Ẹ bi mí ohun tí wọ́n ń gbà tó ju owó lọ. Bàbá, mi ò mọ tiwọn, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí èmi ti gbà. Láti ẹnu ọ̀nà mi dé ilé iṣẹ́, èèyàn márùn-ún ló ń fi orúkọ kí mi báyìí, àwọn kan tiẹ̀ ń pè mí ní Ọ̀gá Àga. Èdè wọn tí mo ti ń kọ́ láti inú ìwé láti ìgbà tí mo ti dé, ó ti ń yọ́ lẹ́nu mi, torí ìwé ò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sọ pé òrùlé ń jò tàbí pé ẹ̀yìn ń ro èèyàn. Ọwọ́ mi sì tún ń di igi mú. Mi ò mọ̀ pé àárò rẹ̀ ń sọ mí tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbà mí lórí àga márùn-ún tó kù. Mo sì tún bẹ̀ yín: kí ló sú yín nínú ìpàdé tí ẹ ti ń lọ kí n tó mọ ìrìn rìn?

Ọmọ yín tó kan ìṣó.


Ọjọ́ ogún, oṣù kẹta

Oníṣó,

Ìṣó mẹ́rin. Mo gbé lẹ́tà rẹ sílẹ̀, mo jáde síta, mo rìn yí ilé ká. Bí mo ṣe tọ́ ẹ nìyẹn?

Gbọ́ dáadáa. Fa àwọn ìṣó náà yọ, rọra ṣe é kí igi má là. Fa ẹsẹ̀ tó ń mì jáde, fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò nínú gbogbo ihò, jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ méjì. Ẹni tó bá fi gọ́ọ̀mù tuntun lé àtijọ́, ó fi aṣọ tuntun bo èérí ni. Tó bá gbẹ, fi gọ́ọ̀mù sí i, ti ẹsẹ̀ náà wọlé. Mú okùn, yí i ká ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀mejì, ki igi kékeré bọ àárín okùn, kí o máa lọ́ ọ títí okùn yóò fi le. Fi orí igi náà há ara àga kó má baà tú. Ọjọ́ kan gbáko, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ jókòó lé e, ì báà ṣe ọba.

Mo ti ya gbogbo rẹ̀ sínú ìwé mẹ́ta tó wà nínú àpò yìí. Èyí tí mo fàlà pupa sí lábẹ́ ni ibi tí o máa ti ṣì í, mo mọ̀ ẹ́. Yíya yẹn gbà mí ní ọjọ́ mẹ́rin, mo sì gbádùn rẹ̀.

Má rò pé mo ti gba ẹgbẹ́ yẹn gbọ́ o. Àga ni mo ṣàánú. Ìbéèrè tí o tún bi mí, má bi mí mọ́.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹrin

Bàbá mi, ọ̀gá mi,

Àga mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dúró digbí. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì, tó sanra ju gbogbo wa lọ, jókòó lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fò sókè díẹ̀ lórí ìkẹfà láti fi dá wa lójú.

Ẹ má bínú sí ohun tí mo ṣe. Mo ka lẹ́tà yín fún wọn nípàdé, mo ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń kà á. Nígbà tí mo dé ibi aṣọ tuntun tó bo èérí, Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. Gbogbo yàrá ló yíjú sí i, torí kò sẹ́ni tó tíì rí eyín rẹ̀ rí. Wọ́n lẹ àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ògiri. Ọkùnrin tó ní ilé iṣẹ́ àga dúró níwájú wọn pẹ́, ó wá bi mí bóyá ọmọ ẹni tó ya èyí lè wá máa ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ òun. Bàbá, mo ti kúrò nídìí búrẹ́dì. Ìdí igi ni mo wà báyìí, ìfági wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń ronú ohun tí mo máa kọ sí yín.

Ó ku ọ̀kan. Màmá Ìsàlẹ̀ dìde, ó ní ẹni tó tún àga mẹ́fà ṣe láti ẹ̀yìn odi kò yẹ kó máa jẹ́ àlejò. Wọ́n dìbò. Ẹ̀yin ni ọmọ ẹgbẹ́ kẹtàlá. Báàjì yín nìyí.

Òfin ẹgbẹ́ ni pé kí olúkúlùkù ṣiṣẹ́ kan fún àwọn èèyàn ibi tó bá ń gbé lóṣooṣù, kó sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Akọ̀wé. Mo rántí ilé ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́yìn ilé wa. Ṣé ilẹ̀ làwọn ọmọ yẹn ṣì ń jókòó sí?

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Mo dúpẹ́ pé o ti padà sídìí igi. Ọjọ́ tí mo ka ibi yẹn, mo kọrin.

Ṣùgbọ́n báàjì wọn nìyí, mo ti dá a padà. Bí ojú bá ń ṣepin, ojú la fi ń hàn, nítorí náà màá sọ ìdí rẹ̀ fún ẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, o ò sì gbọdọ̀ kà á fún wọn níbi tíì.

O rántí ọ̀rẹ́ mi tó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀dì, tí ìyàwó rẹ̀ jẹ́ tíṣà. Ó kú ní ọdún tó kọjá, oṣù kan lẹ́yìn tí o lọ. Alága ẹgbẹ́ wa fúnra rẹ̀ ló kan pósí rẹ̀. Ọjọ́ ìsìnkú, gbogbo àwa káfíńtà dúró lẹ́yìn. Ìyàwó olóògbé ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn, mi ò gbọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí mi, mo rò pé a kàn dúró lásán ni. Mo bá fẹnu mọ́ etí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ní, “Pákó pósí yìí ò gbẹ. Kí oṣù yìí tó parí yóò là. Alága ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń so igun pọ̀ títí dòní.”

Lójú tèmi, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni mo sọ ọ́. Ẹni tí etí rẹ̀ bá ti lọ kì í mọ bí ohùn òun ṣe ga tó. Mo kàn rí i pé gbogbo orí yí sí mi. Obìnrin náà fi ọwọ́ bo ojú. Alága wò mí, ó wolẹ̀. Ẹnì kan fà mí lọ́wọ́ jáde bí ewúrẹ́ tó wọ ọjà.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Láti ọjọ́ náà mi ò dé ìpàdé mọ́. Mi ò gba ọ̀nà ilé tíṣà kọjá mọ́. Bí mo bá lọ ra nǹkan, mo máa ń tọ́ka sí i, màá sì tètè padà sílé. Mo sọ fún ẹ pé mi ò nílò ẹnikẹ́ni. Irọ́ ni. Àwọn ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé lẹ́tà rẹ nìkan ni mo bá sọ̀rọ̀, màá máa kà á sókè nínú yàrá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò gbọ́ ara mi dáadáa.

Nítorí náà, irú mi kọ́ lẹ ń wá lẹ́gbẹ́.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Mo ka lẹ́tà yín, mo sunkún. Lẹ́yìn náà mo rántí Alága àti pósí rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, mo tún sunkún. Ẹ forí jì mí pé mo fi yín sílẹ̀ sínú ìdákẹ́rọ́rọ́ yẹn tí mi ò mọ̀.

Báàjì yín ló tún padà dé yìí. Mi ò sọ ìdí fún ẹnikẹ́ni, mo kàn ní ẹ ò lè gbà á. Akọ̀wé ní kò sí ojú ìwé tí òun máa kọ irú ìyẹn sí.

Ẹ má bínú pé ọmọ ń gba bàbá nímọ̀ràn. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Etí awakọ̀ bọ́ọ̀sì náà ò gbọ́ mọ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó bá wọ ilé ẹnì kan, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé, “Etí mi ò gbọ́. Ẹ dúró níwájú mi, ẹ fọwọ́ kàn mí léjìká, bí ó bá ṣòro, ẹ kọ ọ́ síbí.” Á wá fa ìwé kékeré kan yọ nínú àpò. Ó sọ fún mi pé ọdún mẹ́ta lòun fi díbọ́n pé òun ń gbọ́, òun sì pàdánù gbogbo ọ̀rẹ́ òun láàárín ọdún mẹ́ta náà.

Ẹ lọ bá tíṣà, Bàbá. Ẹ fi báàjì sí àyà, kẹ́ ẹ mú ìwé kékeré kan àti òòlù dání. Kò sí ilé tí nǹkan kan ò ti bà jẹ́.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù keje

Ọmọ mi,

O ti ń dààmú pé mi ò kọ̀wé. Iṣẹ́ ni.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi gbé báàjì yín sórí tábìlì, tí à ń wo ara wa. Ọjọ́ kẹjọ, mo wọ bàtà. Tíṣà ṣílẹ̀kùn, mo wí ohun tí awakọ̀ yẹn máa ń wí, mo wí i tán bí ọmọ tó há àkọ́sórí, mo wá bẹ̀ ẹ́ fún ohun tí mo sọ níbi ìsìnkú ọkọ rẹ̀. Ó gba ìwé lọ́wọ́ mi. Ó kọ ọ́ pé, “Ẹ̀rín ló pa mí lọ́jọ́ náà, ìyẹn ni mo ṣe bojú. Ọkọ mi ì bá sọ ọ́ ṣáájú yín.” Ọmọ mi, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn rẹ̀. Bí ọdún kan ni mo fi sá fún obìnrin tó ń wá ẹni tí wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín.

Mo tún kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ ṣe. Òun ló mú mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́, torí ibẹ̀ ló ti ń kọ́ni. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́: ogójì bẹ́ńṣì, mẹ́wàá péré ló lẹ́sẹ̀ pé. Sátidé méjì ni mo fi dá a ṣe. Sátidé kẹta, ẹnì kan fọwọ́ kàn mí léjìká. Alága ni, ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ dání. Ó gba ìwé mi, ó kọ ọ́ pẹ́, mo rò pé èébú ni. Ohun tó kọ ni pé: “Pákó yẹn ò gbẹ lóòótọ́. Ìkánjú ni. Ṣùgbọ́n igun yẹn dára.”

Igun yẹn ò dára. Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ṣá. Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó kó àwọn tó kù wá. Káfíńtà méje la jẹ́ báyìí, gbogbo wọn ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró níwájú mi, bẹ́ńṣì mẹ́tàlélógún ló sì ti dúró. Wọ́n ní kí n máa ṣe olórí. Mo ní aago mẹ́jọ ni aago mẹ́jọ, ẹni tó bá pẹ́, màá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Túmọ̀ èyí fún Akọ̀wé, kí o sọ fún un pé ọmọ ẹgbẹ́ kẹtàlá ló kọ ọ́.

Àwọn èèyàn yìí tún òrùlé ilé ìdáná mi ṣe láìbéèrè lọ́wọ́ mi. Igi kan kì í dá igbó ṣe, èmi tí mo fi igi jẹun ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹsàn-án

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Lẹ́tà mi mẹ́ta ti lọ, ẹ ò fèsì ọ̀kan. Mo kọ́kọ́ ní iṣẹ́ bẹ́ńṣì ni. Mo tún ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ni. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, mi ò ní irọ́ tí mo lè pa fún ara mi mọ́.

Mo mọ̀ pé ẹ ò lè gbọ́ fóònù, síbẹ̀ mo pè. Ó dún títí ó fi dákẹ́. Lánàá, Màmá Ìsàlẹ̀ bá mi tí mo jókòó lórí àtẹ̀gùn, ó jókòó tì mí.

Bàbá, bí ẹ bá lè di bírò mú, ọ̀rọ̀ kan péré tó mi. Ẹ kàn kọ ọ́ pé ẹ wà.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹwàá

Ọmọ mi,

Mo wà. Fọkàn balẹ̀, mo wà, mo ti jẹun, àwo ọbẹ̀ mẹ́ta tí kì í ṣe tèmi ló sì wà nílé ìdáná mi báyìí, tí mi ò mọ ẹni tó ni èwo. Ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n, ìyẹn ni mi ò ṣe lè kọ̀wé. Má bínú.

Ọjọ́bọ̀ kan ní ìparí oṣù kẹjọ ni ibà dé sí mi. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, o mọ̀ mí. Mo ní bí mo bá sùn yóò lọ. Nígbà tó fi máa di Sátidé, mi ò lè gbé orí sókè. Aago mẹ́jọ lù, olórí tó ń kọ orúkọ àwọn tó bá pẹ́ kò dé. Wọ́n ní wọ́n kọ́kọ́ yọ̀ pé ọwọ́ ti bà mí. Nígbà tó di aago mẹ́jọ ààbọ̀, Alága gbé òòlù sílẹ̀, ó ní bàbá yìí kì í pẹ́, ẹ jẹ́ ká lọ.

Wọ́n kànkùn. Wọ́n rántí pé mi ò lè gbọ́ kíkàn ilẹ̀kùn, mo sì ti há a pa láti inú. Ará ibòmíràn ì bá fọ́ ọ. Káfíńtà ni wọ́n, wọn ò lè fojú rí ilẹ̀kùn kí wọ́n fọ́ ọ. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ìta ló ń ṣí sí, wọ́n tú híńjì rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, wọ́n gbé e sílẹ̀, ìṣó kan ò sọnù. Mo la ojú, mo rí oòrùn níbi tí ilẹ̀kùn mi wà tẹ́lẹ̀, mo rí orí méje lókè mi, káfíńtà mẹ́fà àti tíṣà. Mo rò pé mo ti kú ni, mo sì ń bínú pé Alága ló wá pàdé mi lọ́run.

Orí ilẹ̀kùn yẹn náà ni wọ́n gbé mi sí, tí wọ́n fi gbé mi dé ilé ìwòsàn, mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì, tíṣà ń sáré níwájú, ó ń pariwo pé kí àwọn ọlọ́kọ̀ yà lọ́nà. Dókítà ní bí ó bá di ọjọ́ kejì ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò níbẹ̀. Lójoojúmọ́ ni ẹnì kan nínú wọn ń jókòó tì mí, wọ́n sì pín ọjọ́ náà láàárín ara wọn bí ẹni pín iṣẹ́ Sátidé.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí o mọ̀ kí ọwọ́ mi tó rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé mi wọlé níjọ́ àkọ́kọ́, nọ́ọ̀sì kan jáde wá, ó wo ilẹ̀kùn, ó wò mí, ó béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Mi ò gbọ́ ọ. Mo kàn rí i pé gbogbo wọn nawọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ọwọ́ méje. Mo fa Alága láṣọ pé kí ni obìnrin yìí sọ. Ó fa ìwé kékeré mi yọ nínú àpò mi, ó kọ ọ́ síbẹ̀, mo sì ní in lọ́wọ́ níbí bí mo ṣe ń kọ̀wé sí ẹ: “Ó ní ta ni ẹbí rẹ̀ nínú wa.”

Bàbá rẹ.